Irin Olómi Tí Nàfíù Rà

Kọ̀ǹpútà Rọ́fíàt tún kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, láàárín iṣẹ́, bó ṣe ń kú láti bí ọjọ́ mélòó kan. Fáànù inú rẹ̀ kọ́kọ́ pariwo bí ẹni tó fẹ́ fò, lẹ́yìn náà ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, gbogbo nǹkan sì dákẹ́ lójijì. Rọ́fíàt na ọwọ́, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná.

Ilé yíyà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní Ayétòrò tó ń gbé, àwọn kan ṣì máa ń bi í pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn, torí wọn kì í rí bíríkì tàbí sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́lé, kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rárá, Rọ́fíàt á ti ya ilé náà sínú kọ̀ǹpútà, á kùn ún lọ́dà, á gbin òdòdó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á sì jẹ́ kí oòrùn ràn sára ògiri, tí ẹni tó ni ín á fi máa wò ó bí ẹni pé òun ti kó wọ inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sinmi. Yàtọ̀ sí ọpọlọ tó ń bá a ronú, ó tún ní káàdì àwòrán tí iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju kó máa ya àwọn àwòrán wọ̀nyẹn jáde lọ. Àwọn méjèèjì ló máa ń gbóná. Irin kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ń fa ooru kúrò lára wọn, ìpara kan sì wà láàárín irin àti ọpọlọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun ló ń jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà kọjá. Bí ìpara yẹn bá ti gbẹ, ooru á há síbẹ̀, ẹ̀rọ á sì pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Rọ́fíàt mọ̀ pé ohun tó ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tó ti rà á, ẹnikẹ́ni ò tú u wò rí.

"Ó tún ti kú?" Nàfíù, ọkọ rẹ̀, ló béèrè láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Ó tún ti kú."

"Mo gbọ́ bó ṣe dákẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Rọ́fíàt ju kíkú tí ẹ̀rọ kú lọ. Ní àtijọ́, kò sí bí Nàfíù ṣe lè wà nílé lágogo yẹn débi tí yóò gbọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dákẹ́. Kùtọnú ló ti máa ń ra ẹ̀rọ àlòkù: ẹ̀rọ ìránṣọ, fáànù, ẹ̀rọ ìlọta. Á kó wọn gba Ìdìròkó wọlé, á sì tà wọ́n káàkiri Ayétòrò, Igbógílà àti Jógà. Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà lóṣù kẹjọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Ọdún tuntun wọlé, ọ̀nà ò ṣí. Síbẹ̀ Nàfíù ṣì ń jí ní ìdájí, á kírun, á wọṣọ bí ẹni tó ń lọ síbì kan, á wá jókòó sórí àga gbọọrọ níwájú ilé. Ó ti gbá àgbàlá títí kò fi sí ewé kan ńlẹ̀. Ó ti tún ilẹ̀kùn ṣe, ó ti tún òrùlé ilé adìyẹ ṣe. Kò sí ohun tó kù nínú ilé tó bàjẹ́ tí kò tíì fọwọ́ kàn, àfi kọ̀ǹpútà ìyàwó rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà yìí náà ló sì ń bọ́ wọn. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó sọ ọ́ síta.

"Ìgbà wo ni Gbọ́lá fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀?" Nàfíù tún béèrè. Gbọ́lá ni kọngilá tó ń kọ́lé ní Ìlaró, òun ló gbé àwòrán ilé ìtajà alájà méjì kan fún Rọ́fíàt láti yà.

"Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí ni. Ó fẹ́ fi han ẹni tó ni ilẹ̀."

"Má ṣèyọnu. Èmi ni màá tún un ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, Nàfíù lọ sí Èkó. Nígbà tó dé lẹ́yìn ìrun àsárì, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, irú ẹ̀rín tí Rọ́fíàt ò rí fún ìgbà pípẹ́. Ó na páálí kékeré kan sí i, ó dúró kó ṣí i lójú òun. Síríǹjì tín-ínrín kan ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú síríǹjì náà ń dán gbinrin bíi dígí, ó sì ń ṣàn síwá sẹ́yìn bí omi.

"Irin olómi nìyẹn," ni Nàfíù wí. "Irin gidi ni o, àmọ́ kò dì. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní kò tíì sí ìpara kankan tó lè tu kọ̀ǹpútà lára tó èyí. Mi ò fẹ́ ra gbàrọgùdù fún ọ."

Rọ́fíàt yí síríǹjì náà lọ́wọ́. Nígbà náà ni ojú rẹ̀ ṣèèṣì gba ojú fèrèsé, ó sì rí kọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ìránṣọ kan ti máa ń wà lábẹ́ tapólì. Ẹ̀rọ yẹn ló gbẹ̀yìn nínú ọjà tí Nàfíù kó wọlé kí bọ́dà tó tì. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá owó lé e. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ tí ọ̀nà bá ṣí lòun máa tà á, kí òun lè fi bẹ̀rẹ̀. Tapólì nìkan ló kù ńlẹ̀, wọ́n ti ká a dáadáa.

"Ẹ ṣé gan-an, ọkọ mi," ni Rọ́fíàt wí. "Ọlọ́run á fi púpọ̀ rọ́pò rẹ̀ fún yín."

"Ó di àárọ̀ ọ̀la. Kí iná tó dé, màá ti parí rẹ̀."

Nígbà tí Nàfíù lọ wẹ̀, Rọ́fíàt mú fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa irin olómi. Ọmọkùnrin ará Èkó náà ò parọ́. Kò sí ohun tó ń tu kọ̀ǹpútà lára jù ú lọ. Àmọ́ ó ku nǹkan méjì tí kò sọ. Èkíní, iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá, bí ẹ̀kán kan bá fi lè já sórí pátákó inú kọ̀ǹpútà, ó ti tán. Èkejì ni pé kì í bá alumíníọ́mù gbé. Bí wọ́n bá ti kan ara wọn, á wọ inú rẹ̀, á sì sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Bàbà nìkan ni kì í fi bẹ́ẹ̀ bà jẹ́. Rọ́fíàt sì mọ irin orí káàdì òun. Káàdì tí agbára rẹ̀ ká ló rà, funfun ni irin rẹ̀, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ìdérí ìkòkò.

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ronú pé kí òun gbé síríǹjì náà pamọ́, kí òun ní òun ò rí i mọ́. Ó tún ronú pé kí òun kàn jẹ́ kó ṣe é, kí òun sì máa gbàdúrà. Bí ẹ̀rọ yìí bá bàjẹ́, kí ni wọ́n á máa jẹ? Ṣùgbọ́n bí òun bá kọ ohun tí ọkùnrin náà ta ọjà rẹ̀ tó kẹ́yìn láti rà, kí ló kù fún un tí yóò fi máa pe ara rẹ̀ ní olórí ilé? Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, bó ti ń fẹ́ iná sí ọbẹ̀ tí kò nílò iná mọ́. Kò rí èyí tó fararọ nínú méjèèjì.

Ní àárọ̀, Nàfíù tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó to sukudiráfà rẹ̀ síbẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù. Ó ti fẹ́ tú ìṣó àkọ́kọ́ nígbà tí Rọ́fíàt kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Irin olómi yìí kì í bá alumíníọ́mù gbé. Ó máa ń jẹ ẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo kà á ni."

"O kà á." Nàfíù gbójú sókè. "Irin ni mo fi ṣòwò láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ṣé inú fóònù ni wọ́n á ti wá kọ́ mi nípa irin?"

Nàfíù gbé sukudiráfà sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìyẹn sì bani lẹ́rù ju ká ní ó jù ú mọ́lẹ̀ lọ.

"Àbí ìwọ náà ti ń wò mí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan mọ́ ni?"

"Mi ò wò yín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí." Ohùn Rọ́fíàt rẹlẹ̀. "Ẹ̀rọ yìí nìkan ló kù tá a fi ń jẹun, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, tó wá bàjẹ́, màá máa bínú sí yín nínú láìsọ ọ́, ẹ ò sì ní mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe. Mi ò fẹ́ ká máa gbé bẹ́ẹ̀."

Ọ̀kadà kan kọjá lójú títì. Nàfíù ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Irin orí kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ ṣì wà ní yàrá ẹrù," ni Rọ́fíàt wí. "Alumíníọ́mù lòun náà. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ fi dán an wò. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, màá jókòó tì yín, ẹ óò sì fi sí tèmi."

Nàfíù dìde. Ó lọ mú irin náà wá, ó gbé e jó lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wọn ẹran, ó fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀. "Alumíníọ́mù ni lóòótọ́," ló sọ lábẹ́ ahọ́n. Ó kán irin olómi sí ibi tó ha, kò tóbi ju ojú ẹja ṣàwá lọ, ó sì fi òwú tẹ́ ẹ. Wọ́n jọ wò ó. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni, ó ń dán.

"Ṣé o rí i? Kò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ títí di ọ̀la."

Wọ́n gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ń ràn sí.

Ní ọjọ́ kejì, Nàfíù ló kọ́kọ́ débẹ̀. Nígbà tí Rọ́fíàt jáde sí i, ó bá a tó jókòó sílẹ̀, irin náà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi àtàńpàkò tẹ ẹ́ díẹ̀, apá kan sì ya sí i lọ́wọ́, wọ́rọ́wọ́rọ́, bíi bisikíìtì. Ó tún tẹ ibòmíràn. Eruku eérú dà sórí ṣòkòtò rẹ̀. Ara irin tó le koko ní àná wá dà bí ohun tí ìkán ti jẹ tán. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú bébà, ó ká a, ó dé fìlà, ó sì jáde.

Rọ́fíàt tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà wọlé. Ó ti rò pé bó bá hàn pé òótọ́ lòun sọ, ara máa tu òun. Ara ò tù ú rárá. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí kò tàn, ó ń wo òjìji ara rẹ̀ nínú dígí dúdú, ó sì ń bi ara rẹ̀ bóyá ọ̀nà míì wà tó yẹ kí òun gbà sọ ọ́.

Ìrun àìlà ti kọjá kí Nàfíù tó padà. Ó jókòó, ó béèrè omi, ó mu ún.

"Mo ti pe ọmọkùnrin Èkó yẹn lórí fóònù, kò parọ́ fún mi," ló wí. "Ohun tó tà dáa. Èmi ni mi ò sọ irú irin tí mo fẹ́ lò ó lé lórí fún un. Bí ẹnìkan bá wá ra ẹ̀rọ ìlọta lọ́dọ̀ mi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, kí lo fẹ́ máa lọ̀? Àgbàdo ni àbí ata? Mo débi tèmi, mi ò bi ara mi." Ó gbé ife sílẹ̀. "Níbo la ti lè rí èyí tó máa bá tìẹ mu?"

"Ọ̀rẹ́ mi Fadékẹ́mi ń ta irú rẹ̀ ní Ìlaró."

"Dìde, jẹ́ ká lọ."

Ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ dúró lọ́pọ̀ ìgbà lójú ọ̀nà, torí àwọn aṣọ́bodè ń yẹ ẹrù wò bóyá ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè wà níbẹ̀. Níbì kan, ọ̀kan nínú wọn dá Nàfíù mọ̀. "Àwé, o ò gbé nǹkan kan lónìí?" ló béèrè, ó ń rẹ́rìn-ín. Nàfíù náà rẹ́rìn-ín, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kí ọkùnrin náà rí i pé òfìfo ni wọ́n. Ẹ̀rín náà ti tán lójú rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Rọ́fíàt fi èjìká ti èjìká rẹ̀, kò sì wò ó lójú.

Fadékẹ́mi àti Rọ́fíàt jọ kàwé ní Pólì ní Ìlaró ni. Tòsí ilé ìwé yẹn náà ni Fadékẹ́mi ṣí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ irin olómi, kò rẹ́rìn-ín, Rọ́fíàt sì dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Ìpara mẹ́ta ló gbé sórí káńtà.

"Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n," ló sọ fún Nàfíù. "Èyí funfun yìí làwọn èèyàn máa ń rà jù, torí kò wọ́n. Á ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní pẹ́ gbẹ. Èyí tó wà nínú páálí aláràbarà yìí ṣàn dáadáa, ó rọrùn láti fi pa. Èyí eléérú tí kò ní páálí yìí, ó ki bí ẹ̀kọ tó ti dì, ó máa ń fún èèyàn níṣẹ́ ṣe."

"Èwo ló wá dáa jù?"

"Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí ni màá kọ́kọ́ bi yín. Irin pẹlẹbẹ kan wà tó bo ọpọlọ kọ̀ǹpútà lórí, òun ò ní wàhálà, kò sí èyí tí kò lè gbà nínú wọn. Káàdì àwòrán ni orí tiẹ̀ wà ní ìhòòhò. Bó bá ń ṣiṣẹ́, á gbóná kíá. Bó bá sinmi, á tutù kíá. Bó ṣe ń gbóná tó ń tutù yẹn, ńṣe ló máa ń ti ìpara tó bá ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí àárín á fi gbẹ. Èyí tó ki kì í kúrò níbi tí wọ́n bá fi í sí."

Nàfíù mú èyí tó wà nínú páálí aláràbarà, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ yín?"

"Kí wọ́n tó ti bọ́dà ni. Láti ìgbà náà, a ò rí tuntun gbà."

"Ẹ ò ní bínú, ṣé mo lè rí dígí tó fọ́? Bí gírísì bá ti pẹ́ nínú ooru, òróró inú rẹ̀ máa ń yà kúrò lára rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń yẹ gírísì inú ẹ̀rọ ìránṣọ wò nìyẹn."

Fadékẹ́mi bá a wá dígí. Wọ́n fún ìpara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kán-ẹ̀kán, wọ́n gbé e sórí páànù níwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oòrùn ti mú. Àwọn obìnrin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n jọ kàwé, ta ló ti bímọ, ta ló ti lọ sí Àbújá. Nàfíù dúró ti dígí rẹ̀. Nígbà tó pè wọ́n, omi òróró tó mọ́ gaara ti yí èyí aláràbarà ká. Funfun ṣì wà bó ṣe wà, eléérú náà ò yíra padà.

"Háà," ni Fadékẹ́mi wí. "Ṣọ́ọ̀bù yìí ló gbóná jù." Ó wọlé, ó kó ìyókù páálí aláràbarà kúrò lórí pẹpẹ, ó tì wọ́n sábẹ́ káńtà. Nígbà tó padà, ó wo Nàfíù, Nàfíù náà sì wo Rọ́fíàt. Rọ́fíàt rí i pé òun làwọn méjèèjì ń dúró dè.

"Eléérú," ló wí. "Ṣé á tó fún méjèèjì?"

"Á tó, bẹ́ ẹ ò bá fi ṣòfò. Kẹ́ ẹ mú un dání títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó fún un."

Nàfíù fa irin olómi yọ nínú àpò, ó béèrè bóyá ó wúlò fún ẹnikẹ́ni. Fadékẹ́mi ní àwọn ọmọ Pólì kan wà tí bàbà ni irin inú kọ̀ǹpútà tiwọn, kó fi sílẹ̀, òun á máa bi wọ́n. Ó tún sọ pé bí òun bá tún lọ kó fáànù àti irin àlòkù wá láti Èkó, òun máa nílò ẹni tó mọ irin yàtọ̀ síra. Nàfíù ní òun gbọ́. Kò sọ pé òun á wá, kò sì sọ pé òun ò ní wá.

Nígbà tí wọ́n délé, Rọ́fíàt fúnra rẹ̀ ló tú kọ̀ǹpútà náà, ohun tí kò dáwọ́ lé rí. Nàfíù bá a tan iná fóònù sí i. Ìpara àtijọ́ ti gbẹ di ẹfun, ó ń họ. Wọ́n fi òwú àti sípírítì nù ún títí ojú káàdì fi ń dán. Rọ́fíàt fún hóró kan tó tó ìrẹsì sórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó kan káàdì, ó na síríǹjì sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ bá mi ṣe èyí. Ọwọ́ yín balẹ̀ ju tèmi lọ."

Nàfíù wò ó, bóyá àánú ló ń ṣe é ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Kò rí àánú níbẹ̀. Ó gba síríǹjì, ó dì í mú sínú àtẹ́lẹwọ́ fúngbà díẹ̀ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wá fi ìpara náà bo ojú káàdì láti igun dé igun, ó ń tẹ́ ẹ bí ẹni tó ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì ọmọ. Wọ́n dè é pa dà, wọ́n tàn án.

Fáànù ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Rọ́fíàt ṣí iṣẹ́ Gbọ́lá, ó ní kí ẹ̀rọ máa yà á. Kọ̀ǹpútà náà ò tutù bí omi àmù o. Bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ó débì kan, ó dúró síbẹ̀. Kò kú. Àwòrán àkọ́kọ́ jáde, ìkejì jáde, ìyókù sì tẹ̀ lé e. Rọ́fíàt fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Gbọ́lá.

Kò pẹ́ tí Gbọ́lá fi pè é. Ó ní àwòrán náà dáa gan-an, òun á san owó rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún òun pé ilé náà á dúró ná. Ọjà tí ọkùnrin náà ń kó gba bọ́dà ló fẹ́ tà níbẹ̀. Kò mọ ìgbà tí yóò rí owó kọ́ ọ.

Rọ́fíàt dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa fóònù, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún Nàfíù. Nàfíù mi orí. Ó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó jókòó. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò jókòó síbẹ̀ rí. Ojú ọ̀nà ló máa ń wà.

"Jẹ́ kí n rí i."

Rọ́fíàt yí ilé náà fún un, wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ sókè.

"Kí nìdí tí fèrèsé yìí fi tóbi tó báyìí?"

"Kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ẹni tó bá ń tajà níbẹ̀ ò ní máa làágùn."

Nàfíù tọ́ka sí òjìji tó nà sílẹ̀ lábẹ́ ògiri. "Oòrùn ìgbà wo nìyẹn?"

"Ìrọ̀lẹ́ ni mo fi í sí. Mo lè sọ ọ́ di àárọ̀."

"Sọ ọ́ di àárọ̀ kí n rí i."

Rọ́fíàt tẹ bọ́tìnnì, ìmọ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀ lára ògiri ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́.